Signal: Ohun Tí Ò Sí Lọ́wọ́ Wọn, Kóòtù Ò Lè Gbà Á

Ó ti lé lọ́dún méjì tí mo ti ń lo Signal, áàpù tá a fi ń fi mẹ́sẹ́ẹ̀jì ránṣẹ́ bíi WhatsApp, mi ò sì fẹ́ kọ nǹkan kan nípa ẹ̀ tẹ́lẹ̀ torí gbogbo ayé ló ti kọ ọ́ tán, àmọ́ àwọn tó ń kọ ọ́ yìí, encryption (kí wọ́n ti mẹ́sẹ́ẹ̀jì pa kẹ́lòmíì má lè kà á), encryption ṣáá ni wọ́n ń pariwo, bí ẹni pé ibẹ̀ nìkan ló mọ. WhatsApp náà ní encryption o. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn Signal gan-an ni WhatsApp fi ń ti mẹ́sẹ́ẹ̀jì pa láti 2016. Tó bá jẹ́ pé kẹ́nikẹ́ni má ka ohun tẹ́ ẹ kọ bó ṣe ń lọ lọ́nà ni, àwọn méjèèjì ló ń ṣe é.

Ibi tọ́rọ̀ wà ni ohun tí áàpù yẹn fúnra ẹ̀ mọ̀ nípa yín. Ta lẹ bá sọ̀rọ̀, aago mélòó, ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀, grúùpù wo lẹ wà. Ẹ rántí 2013 tí Edward Snowden tú àṣírí NSA, iléeṣẹ́ amí ìjọba Amẹ́ríkà tó ń tẹ́tí sí ìpè àti mẹ́sẹ́ẹ̀jì, èyí tó kọ́kọ́ jáde níbẹ̀, kò sí ohùn ẹnì kankan nínú ẹ̀, àkọsílẹ̀ ìpè lásán ni: nọ́ńbà tó pè, nọ́ńbà tí wọ́n pè, ìgbà tí wọ́n pè é àti bó ṣe pẹ́ tó, ti àìmọye èèyàn, lójoojúmọ́. Àwọn kan ní kí ló burú níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, tí wọ́n bá rí i pé ẹ pe dókítà jẹjẹrẹ lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀, tó di ìrọ̀lẹ́ ẹ pe lọ́yà tó ń báàyàn kọ̀wé ogún, kí ló tún kù tí wọ́n fẹ́ gbọ́? Ó di 2015 kí òfin wọn tó fòpin sí kíkó tí wọ́n ń kó o ní rẹpẹtẹ yẹn.

Ohun tó jẹ́ kí n fọkàn tán Signal ni nǹkan tó ṣẹlẹ̀ ní 2016. Grand jury kan (àwọn ará ìlú tí kóòtù kó jọ láti wádìí ẹ̀sùn) ní Virginia, ní Amẹ́ríkà, fìwé ránṣẹ́ sí wọn pé kí wọ́n kó gbogbo ohun tí wọ́n ní lórí nọ́ńbà méjì wá, wọ́n sì tún ní wọn ò gbọ́dọ̀ sọ fẹ́nikẹ́ni. Wọn ò ṣagídí o, wọ́n tẹ̀lé òfin, wọ́n kó gbogbo ẹ̀ kalẹ̀. Nọ́ńbà kan ò tiẹ̀ sí lórí Signal rárá. Èkejì, ọjọ́ tó forúkọ sílẹ̀ àti ọjọ́ tó wọlé kẹ́yìn. Ó tán! Àwọn lọ́yà ACLU, ẹgbẹ́ tó ń jà fẹ́tọ̀ọ́ aráàlú ní Amẹ́ríkà, ló wá gbèjà wọn kí wọ́n tó lè sọ ọ́ síta.

Ìyẹn ló yàtọ̀ sí ìlérí. Mo sanwó VPN kan rí (ètò tó ń bo ibi tẹ́ ẹ wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì) tó fi gbogbo ẹnu búra pé àwọn kì í tọ́jú nǹkan kan, ọjọ́ tí mo wá kàn sí wọn pé kò ṣiṣẹ́, ọmọ tó dá mi lóhùn bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ àti aago tí mo wọlé lọ́sẹ̀ tó kọjá fún mi, fàà, bí ẹni ń ka ìwé. Mi ò ní dárúkọ wọn, mo ti kúrò níbẹ̀ jàre.

Àléébù ńkọ́? Ó ní o. Láti 2024 ẹ lè fi username, orúkọ tẹ́ ẹ yàn fúnra yín, bo nọ́ńbà yín káwọn tẹ́ ẹ jọ ń sọ̀rọ̀ má rí i, àmọ́ ẹ ò lè forúkọ sílẹ̀ láìní nọ́ńbà fóònù, bẹ́ẹ̀ níbi púpọ̀ láyé yìí wọn kì í ta síìmù láìgba káàdì ìdánimọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, tí nǹkan bíi Pegasus, áàpù amí tí wọ́n ń dọ́gbọ́n fi sínú fóònù èèyàn, bá ti wọnú fóònù yín, Signal ò lè gbà yín, ńṣe ló dà bí ẹni tó dúró sẹ́yìn yín tó ń bá yín kà á. Bákan náà, àṣìṣe tá a fọwọ́ ara wa ṣe kò lóògùn: ní March 2025 àwọn ọ̀gá ìjọba Amẹ́ríkà ń sọ̀rọ̀ ogun Yemen nínú grúùpù Signal, àṣé wọ́n ti fọwọ́ ara wọn fi olóòtú ìwé ìròyìn The Atlantic síbẹ̀ 😂

Ọ̀rọ̀ yẹn ló tún jẹ́ kí n ronú sí mẹ́sẹ́ẹ̀jì tó ń pa ara ẹ̀ rẹ́, tí mo fẹ́ràn gan-an (ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló pẹ́ jù). Ẹni tó ń báyàwó ẹ̀ sọ̀rọ̀, kó pa á rẹ́, ta ló kàn? Àmọ́ ẹni tó ń fowó ìlú ṣiṣẹ́ ìlú, àkọsílẹ̀ ìlú ni, òfin wọn sì ní kí wọ́n tọ́jú ẹ̀, adájọ́ kan tiẹ̀ ní láti pàṣẹ pé wọn ò gbọ́dọ̀ pa àwọn ọ̀rọ̀ grúùpù yẹn rẹ́. Mi ò rò pé Signal ló jẹ̀bi ìyẹn ṣá.

Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà fóònù yẹn ló mú ìkan tó kù lọ.