Wọ́n gé mi ní àkọ́bí, wọn ò gé mi ní èkejì: àgbéyẹ̀wò ibi méjì tí mo bímọ sí

Ẹ̀yin aboyún tó ń béèrè bóyá kí ẹ gbà kí wọ́n gé ojú ara yín nígbà ìrọbí, ohun tí ojú èmi rí nìyí. Ilé ìwòsàn aládàáni ni mo bí àkọ́bí sí, ti ìjọba ni mo bí èkejì sí. Ìbàdàn ni méjèèjì wà, n kò ní dárúkọ wọn.

Ti aládàáni mọ́ tónítóní, àwọn nọ́ọ̀sì wọn sì lọ́yàyà. Ṣùgbọ́n tó bá ti jẹ́ àkọ́bí, gígé ni. Kò sẹ́ni tó bi mí. Orí ọmọ ń yọ lọ́wọ́ ni mo gbọ́ tí wọ́n ń béèrè àlùmọ́gàjí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó ṣàlàyé pé bí àwọn ò bá gé e, yóò ya yánnayànna, àti pé ojú gígé máa ń tètè jinná ju yíya lọ. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn. Láti 2018 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ pé kò yẹ kí wọ́n sọ gígé di àṣà fún obìnrin tó ń fúnra rẹ̀ bímọ láìsí wàhálà. Yíya kékeré lè má kọjá awọ. Àlùmọ́gàjí ní tirẹ̀, àtawọ àtiṣan ló ń gé. Bó bá sì jẹ́ ìsàlẹ̀ tààrà ni wọ́n gé e sí, ó lè ya dé ẹnu ihò ìdí, kó ba iṣan tó ń dá ìgbẹ́ dúró jẹ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ agbẹ̀bí fi ń gé e sẹ́gbẹ̀ẹ́.

N kò sọ pé kò wúlò o. Bí ọkàn ọmọ kò bá lù dáadáa mọ́, tórí rẹ̀ sì ti dé ẹnu ọ̀nà, tàbí tí wọ́n fẹ́ fi irin fà á jáde, kí wọ́n gé e kíá. Ti èmi kò rí bẹ́ẹ̀.

Gígé gan-an, n kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Rírán ni mo mọ̀! Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fún mi kí ojú ibẹ̀ lè kú kò tíì mú tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Mo figbe ta, ìyá agbẹ̀bí ní, "Ṣé ìwọ tó o bímọ lo wá ń sunkún abẹ́rẹ́?" Ẹ má gba ìyẹn. Ẹ ní kí wọ́n dúró kó mú, tàbí kí wọ́n fi kún un. Wọ́n sì tún kọ owó rírán lọ́tọ̀ sínú ìwé owó.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ò bára dé. Apá ìdí kan ni mo fi ń jókòó, ìtọ̀ ń ta mí bí ata. Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ tí mo ń dà síbẹ̀ bí mo ṣe ń tọ̀ ló gbà mí, pẹ̀lú parasítámọ́ọ̀ àti ibuprofen tí dókítà kọ, ọmọ sì ń mu ọyàn lọ. Mo jẹ ìbẹ́pẹ àti ẹ̀fọ́ dáadáa kí ìgbẹ́ má bàa le. Ìyá ọkọ mi gbé omi híhó tòun ti Dettol wá, kí n jókòó lé e. Mo ní, "Màámi, ẹ jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ná." Inú wọn ò dùn, àmọ́ omi híhó ti bó àwọn obìnrin lára níbẹ̀ rí.

Okùn tí wọ́n fi rán an máa ń yọ́ fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá rí ègé rẹ̀ nínú páàdì, ẹ má bẹ̀rù. Bí ibẹ̀ bá ń rùn, tó ń ṣọyún, tàbí tí ibà mú yín, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà ni. Ojú ọgbẹ́ jinná láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ṣùgbọ́n kí èmi àti ọkọ mi tó lè sún mọ́ra láìsí ìrora, ó pẹ́ jùyẹn lọ dáadáa. Kò sẹ́ni tó kìlọ̀ ìyẹn fún mi.

Ní ti ìjọba, èrò pọ̀ bí nǹkan míì. Ṣùgbọ́n nígbà ìtọ́jú oyún ni mo ti sọ fún wọn pé kí wọ́n má gé mi láìjẹ́ pé ó pọn dandan, wọ́n sì kọ ọ́ sínú káàdì mi. Bí orí ọmọ ṣe ń bọ̀, agbẹ̀bí fi aṣọ tí wọ́n rì sómi lílọ́wọ́ọ́rọ́ tẹ ibẹ̀, ó ní kí n má fipá ti ọmọ mọ́, kí n máa mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀. Mo ya díẹ̀, wọ́n rán an, abẹ́rẹ́ sì mú. Lóòótọ́, ìbí kejì sábà máa ń rọrùn ju àkọ́kọ́ lọ, nítorí náà kì í ṣe gbogbo oríyìn ló jẹ́ tiwọn.

Bí n bá tún lóyún, ibẹ̀ náà ni mò ń lọ. Àmọ́ omi ẹ̀rọ wọn kì í sábà yọ: ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì omi dání, pẹ̀lú fúláàsì omi gbígbóná tí ẹ ó máa fi là á nígbà tí ẹ bá fẹ́ tọ̀.