Àgbéyẹ̀wò: Ìbòrí tó ń fi omi mú ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi onírìmóòtù tutù

Ọjà gidi ni ìbòrí alumíníọ̀mù yìí. Ti ẹ̀rọ brushless (ẹ̀rọ oníná tí kò ní búrọ́ọ̀ṣì nínú) tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 36mm ni mo rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì gbé e wá bá mi n'Ílé-Ifẹ̀ níbí. Ó nípọn, ó gbá ẹ̀rọ mọ́ra pinpin, òrùka rọ́bà méjèèjì tó wà lórí àti nísàlẹ̀ rẹ̀ ò sì jẹ́ kí omi jò sínú ọkọ̀. Ẹ ṣá fi gírísì díẹ̀ pa wọ́n kí ẹ tó tì í wọlé.

Ṣùgbọ́n ìbòrí nìkan ò lè mú nǹkan kan tutù. Omi tó ń gba inú rẹ̀ kọjá ló ń ṣiṣẹ́, kò sì sí pọ́ǹpù tó ń tì í. Fáànù ìdí ọkọ̀ ló ń ta omi sẹ́yìn, nítorí náà ẹnu páìpù tó ń gba omi gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn fáànù gan-an, kó kọjú sí i. Ẹ gé ẹnu páìpù náà gẹ̀rẹ́, kí ibi tó ṣí kọjú síwájú. Bó bá kọ̀yìn sí ìṣàn, ńṣe ni yóò máa fa omi jáde.

Ọ̀dọ̀ ESC, ìyẹn ohun tó ń darí bí ẹ̀rọ ṣe ń yára sí, ni kí omi kọ́kọ́ gbà kó tó dé ìdí ẹ̀rọ, torí ooru tètè ń ba tíránsítọ̀ inú ESC jẹ́. Ẹ̀rọ náà ò gbọdọ̀ gbóná jù o! Bí òòfà neodymium tó wọ́pọ̀ nínú wọn bá gbóná kọjá nǹkan bí 80°C, agbára rẹ̀ á dín kù, kì í sì í padà bó bá tutù tán.

Páìpù rọ́bà tó bá a wá ni mi ò fẹ́ràn. Ó rọ̀ jù, ó ń ṣẹ́ po níbi tó bá ti yí, omi ò sì ní kọjá mọ́. Mo fi èyí tó le díẹ̀ rọ́pò rẹ̀, mo sì jẹ́ kó yí gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀.

Nínú omi bíi ti Ọ̀pá ní ọgbà OAU, ewé àti ẹrẹ̀ ló ń dí páìpù. Mo lu ihò àbájáde sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, lókè omi, kí n lè máa rí omi bó ṣe ń tú jáde láti etí odò. Tí mi ò bá ti rí i, mo ń dá ọkọ̀ padà kíá ni. Sìrínjì láti kẹ́mísí ni mo fi ń fọ ọ̀nà omi náà.

Bí mo bá tún kan ọkọ̀ mìíràn, ìbòrí yìí náà ni màá rà.