Hollókő, ní Húngárì: ẹ má ṣe bá ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ ìrìn-àjò lọ síbẹ̀

Wákàtí mẹ́rin ni ilé-iṣẹ́ tó kó wa láti Budapest kọ sínú ìwé pé a máa lò ní Hollókő. Wákàtí kan àti ààbọ̀ la rí lò. Wọ́n kọ́kọ́ yà wá sí ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá ọ̀nà. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ilé oúnjẹ tí àwọn fúnra wọn yàn. Ẹni tí kò fẹ́ jẹun náà gbọ́dọ̀ jókòó títí gbogbo èrò ọkọ̀ fi yó. Nígbà tí a bi amọ̀nà léèrè, ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, sà, abúlé kékeré ni, òpópónà méjì péré ni." A ní wákàtí mẹ́rin la sanwó fún, màdáámù. Ó ní ká kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì. A kọ ọ́, wọ́n sì fi ẹ̀dínwó lórí ìrìn-àjò mìíràn dá wa lóhùn, nígbà tó jẹ́ pé owó wa la ní kí wọ́n dá padà.

Òótọ́ ni pé òpópónà méjì ló wà níbẹ̀, Kossuth àti Petőfi, ṣọ́ọ̀ṣì funfun onílé-ìṣọ́ pákó tí wọ́n kọ́ ní 1889 sì wà níbi tí wọ́n ti pínyà. Ṣùgbọ́n ìdí tí UNESCO fi gba abúlé náà sínú ogún àgbáyé ní 1987 wà lára àwọn ilé náà, ẹ ò sì lè rí i tí ẹ bá ń sáré. Iná jó abúlé náà ní 1909. Kí iná tó jó o, koríko ni wọ́n fi bo òrùlé. Nígbà tí wọ́n tún un kọ́, wọ́n fi búlọ́ọ̀kù amọ̀ mọ ògiri, wọ́n kùn ún ní funfun, wọ́n sì fi amọ̀ sísun bo òrùlé kí iná má bàa tún ráyè, ṣùgbọ́n wọn kò yí ètò ilé àwọn baba wọn padà. Ẹ wo bí ilé ṣe kọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó kúrú sí òpópónà, bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ onípákó gbígbẹ́ ṣe lọ jìnnà sínú àgbàlá. Níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀ẹ̀rẹ̀, yàrá òkúta wà lábẹ́ ilé, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì kọjú sí títì.

Ní mùsíọ̀mù abúlé, ibi ìdáná ló wà láàárín, yàrá àlejò níwájú, yàrá ìkẹ́rùsí lẹ́yìn. Ẹ dúró dáadáa ní yàrá iwájú: ìrọ̀rí tí wọ́n tò gogoro sórí ibùsùn wà fún iyì ìdílé ni, kì í ṣe fún oorun.

Ibi tí inú wa ti dùn jù ni ilé ìhunṣọ. Màmá tó wà níbẹ̀ kò gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ sọ gbogbo rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ pákó ìsàlẹ̀, ìdajì òwú òró, èyí tí wọ́n nà sórí ẹ̀rọ, gòkè, ìdajì sọ̀ kalẹ̀, ó ju ọ̀kọ̀, igi kékeré tó ń gbé òwú ìbú, gba àárín wọn, ó sì fa igi mọ́ra láti gbá òwú náà pọ̀. Ẹni tó bá mọ òfì aṣọ òkè máa rí ìyàtọ̀ lójú ẹsẹ̀: tiwa máa ń na òwú jìnnà sílẹ̀, a ó fi ẹrù wúwo dì í mú lókèèrè, aṣọ tó ń jáde á sì tẹ́ẹ́rẹ́, tiwọn, igi tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ ni wọ́n ká òwú sí, aṣọ náà sì fẹ̀. Ó fún àlejò kan láyè láti gbìyànjú. Etí aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í súnkì wọlé, nítorí ó fa òwú ìbú le jù. Màmá tú u pẹ̀lú sùúrù, ó ní kó jẹ́ kí òwú náà tẹ̀ díẹ̀ bí ọrun kó tó gbá a mọ́ra. Ó ń ṣàlàyé lọ́wọ́ ni amọ̀nà wa yọjú, ó ní ọkọ̀ ń lọ.

Bẹ́ẹ̀ la ò ṣe dé ilé olódi tó wà lórí òkè rárá, èyí tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn tí ogun àwọn Mongol jà ní 1241 sí 1242. Ọ̀nà rẹ̀ ga, òkúta pọ̀ níbẹ̀, bàtà tó dúró lẹ́sẹ̀ dáadáa ni kí ẹ wọ̀.

Ẹ lọ fúnra yín. Láti ibùdókọ̀ Stadion ní Budapest ni bọ́ọ̀sì ti ń gbéra. Bí kò bá sí èyí tó lọ tààrà, ẹ sọ̀ ní Szécsény kí ẹ wọ òmíràn. Ẹ wo àkókò bọ́ọ̀sì ìpadàbọ̀ kí ẹ tó kúrò nílé, torí wọn kò pọ̀. Ẹ mú forint, owó ilẹ̀ Húngárì, dání, owó yúrò kọ́ ni wọ́n ń ná. Ẹ yẹra fún ọjọ́ Ajé àti ìgbà òtútù, nígbà tí ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn máa ń wà ní títì. Ọjọ́ Ajé Àjíǹde nìkan ló yàtọ̀: àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin á máa da garawa omi lu àwọn ọmọbìnrin, wọ́n á sì gba ẹyin tí wọ́n kùn lọ́wọ́ wọn. Èrò máa ń pọ̀ gan-an lọ́jọ́ náà, owó ìwọlé sì wà.

Ìràwọ̀ díẹ̀ ni mo fún ìrìn-àjò yìí. Màmá aláṣọ nìkan ló ni gbogbo rẹ̀.