Ìborùn òfì tí mo rà ní Ìlọrin

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá òfì tí kò wúwo, ẹ yà sọ́dọ̀ bàbá ahunṣọ tí mo ra ìborùn lọ́wọ́ wọn. Òwú tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi hun ún; ó rọ̀, kò gbóná léjìká. Bàbá ní èyí tí bàbá àwọn ń hun nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò lè rù ú, ni àwọn bá dán òwú mìíràn wò. Ẹ̀kọ́ John Dewey, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà (1859–1952), gan-an nìyẹn: irinṣẹ́ ni èrò, ẹnu iṣẹ́ la ti ń mọ èyí tó mú. Ojú rírán kan tú díẹ̀. Bàbá tún un rán lójú mi, wọn ò gba kọ́bọ̀. Owó ọjà wọn ga o, àmọ́ mo máa padà lọ ra ti ìyá mi.