Ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì fún kakulétọ̀ tó ń ya gíráàfù: èyí tó ń kọ́ni àti èyí tó kàn ń tọ́ka bọ́tìnnì

Oríṣi méjì ni ẹ̀kọ́ alátẹ̀ẹ́tẹ̀ tí mo ti lò fún kakulétọ̀ tó ń ya gíráàfù. Ọ̀kan á gbé àwòrán TI-84, kakulétọ̀ ilé iṣẹ́ Texas Instruments, sójú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, á tan iná sí bọ́tìnnì kan, ẹ ó tẹ̀ ẹ́, á tún tan iná sí òmíràn, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa bá a lọ títí gíráàfù á fi jáde. Èkejì á fún yín ní ẹ̀rọ lódidi, á bi yín ní ìbéèrè, á sì jẹ́ kí ẹ ṣe é bó ṣe yé yín. Bí ẹ bá ṣì í, ìlà tó jáde ni yóò fi hàn yín. Èkejì yìí ni kí ẹ wá. Ti àkọ́kọ́, oníná yẹn, wúlò fún ọjọ́ àkọ́kọ́ nìkan, kí ọwọ́ lè mọ ibi tí Y=, WINDOW àti 2ND wà.

Ìdí ni pé bọ́tìnnì kọ́ ló ń dá akẹ́kọ̀ọ́ dúró. WINDOW ni, ibi tí ẹ ti ń sọ iye x àti y tí ojú ẹ̀rọ yóò ti bẹ̀rẹ̀ àti èyí tí yóò dé. Ẹ mú y = x² − 12x + 20. Ẹ tẹ Y=, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, ẹ tẹ ZOOM, lẹ́yìn náà 6. Iṣẹ́ 6 yẹn ni pé kó ṣí ojú ẹ̀rọ láti −10 dé 10, níbùú àti lóròó. Ohun tí ẹ ó rí ni ìlà kan tó ń já bọ̀ láti òkè nítòsí x = 1, tó gé ìlà x ní 2, tó sì wọlẹ̀ lọ kó tó dé 4. Lẹ́yìn náà, ègé kékeré kan ní apá ọ̀tún. Akẹ́kọ̀ọ́ á wò ó, á ní ìlà gbọọrọ méjì ni. Bẹ́ẹ̀, (6, −16) ni gíráàfù náà ti yí padà, ojú ẹ̀rọ kò sì sọ̀ kalẹ̀ débẹ̀. Tí ẹ bá wọ WINDOW, tí ẹ fi Xmin sí −2, Xmax sí 14, Ymin sí −20, Ymax sí 25, Xscl sí 2, Yscl sí 5 (àlàfo àárín àwọn àmì orí ìlà x àti y), ikòtò rẹ̀ á hàn ketekete.

Oníná kò ní kọ́ yín ní èyí, torí wọ́n ti ṣa àpẹẹrẹ tó máa wọ inú −10 sí 10 láìṣẹ́kù. Ẹni tó bá ti ya gíráàfù lórí bébà fún WAEC mọ iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀: ẹ ṣe tábìlì x àti y, ẹ wo y tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù, ẹ wá mú ìwọ̀n, bóyá 2 sm fún ẹyọ kan níbùú, 2 sm fún ẹyọ márùn-ún lóròó. Ohun kan náà ni WINDOW ń béèrè. Iye y mẹ́fà péré tí ẹ bá kọ́kọ́ ṣírò sórí ìwé á sọ Ymin àti Ymax fún yín kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Ó dùn mí pé àwọn tó ń ṣe ẹ̀kọ́ wọ̀nyí kì í mẹ́nu bà á, torí ohun tí àwọn ọmọ wa mọ̀ jù nìyẹn.

Ohun kejì tí oníná ń fi pa mọ́ ni àṣìṣe. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì tí kò yẹ, kò ní gbà á. Ojúlówó TI-84 á gbà á. Bọ́tìnnì àmì òdì tó wà lápá òsì ENTER yàtọ̀ sí ti ìyọkúrò tó wà lókè àmì ìròpọ̀. Ẹ fi ti ìyọkúrò bẹ̀rẹ̀ −3x + 2 nínú Y=, tí ẹ bá tẹ GRAPH, ERR:SYNTAX ni. Ìyẹn ṣì sàn, ẹ̀rọ ti pariwo. Èyí tó burú ni ojú ìṣírò lásán: níbẹ̀, bí ẹ bá fi ìyọkúrò bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ á kọ Ans (ìdáhùn tó ṣáájú) síwájú rẹ̀, á yọ iye yín kúrò nínú ìdáhùn tó ṣáájú, á sì gbé iye kan jáde láìwí nǹkan kan. Kí ẹ tún wo MODE, ibi tí ẹ ti ń yan bí ẹ̀rọ ṣe ń wọn igun. Tó bá wà ní DEGREE, tí ẹ ya y = sin x pẹ̀lú ZOOM 6, ìlà tó tẹ́ pẹrẹsẹ lórí ìlà x ni ẹ ó rí, torí sin 10° kò tó 0.2. Xmin −360, Xmax 360, Ymin −2, Ymax 2 ló máa gbé ìgbì náà jáde.

Wíwá ibi tí gíráàfù ti gé ìlà x náà ní ìdẹkùn tirẹ̀. Ẹ tẹ 2ND, TRACE, 2 (zero). Ẹ̀rọ á béèrè Left Bound (ibì kan lápá òsì rẹ̀), Right Bound (ibì kan lápá ọ̀tún), lẹ́yìn náà Guess (ibi tí ẹ rò pé ó wà), ENTER lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ìlà kò bá ré kọjá láàrin ibi méjì tí ẹ yàn, ERR:NO SIGN CHNG ni yóò kọ. (x − 3)² lè fa èyí bí ẹ tilẹ̀ yàn án dáadáa, torí ó kàn fara kan ìlà x ni, kò ré e kọjá. Ibẹ̀ ni kí ẹ lo 3, minimum (ibi tó rẹlẹ̀ jù), dípò 2.

Desmos, kakulétọ̀ gíráàfù orí íntánẹ́ẹ̀tì tó tún ní áàpù, ni mo máa ní kí ẹnikẹ́ni fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ kọ y = ax + b, á bi yín bóyá ẹ fẹ́ slider (ohun tí ẹ ń fà láti yí iye padà) fún a àti b; ẹ fa a láti −10 dé 10, ẹ ó rí bí ìlà ṣe ń yí. Ẹ tẹ gíráàfù, àmì róbótó aláwọ̀ eérú á yọ níbi tó ti gé ìlà x àti níbi tó ti yí padà. Ẹ tẹ àmì náà, iye rẹ̀ á hàn. Àléébù rẹ̀ ni pé rédíánì, ìwọ̀n igun tí kì í ṣe dígírì, ló fi ń ṣí. Sin 30 kò ní fún yín ní 0.5 àfi tí ẹ bá tẹ àmì sípánà lókè lápá ọ̀tún, kí ẹ yí i sí Degrees.

Ẹni tó ń múra SAT, ìdánwò ìwọlé yunifásítì ní Amẹ́ríkà, ní Bódìjà tàbí Ring Road kò gbọ́dọ̀ fi Desmos ṣeré: láti 2023 tí ìdánwò náà ti bọ́ sórí kọ̀ǹpútà fún àwọn tí kò sí ní Amẹ́ríkà, inú Bluebook, áàpù tí wọ́n fi ń ṣe ìdánwò náà, ni Desmos wà. Kò pọn dandan kí ẹ ra TI. Fún WAEC, ẹ má gbé kakulétọ̀ tó ṣeé kọ ètò sí, bíi TI-84, wọlé.

Lórí dátà, áàpù Desmos àti GeoGebra, èyí tí òun náà ń ya gíráàfù, ń ṣiṣẹ́ láìsí nẹ́tíwọ̀kì tí wọ́n bá ti wà lórí fóònù. Ẹ̀kọ́ onígbésẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá já láàrin, òmíràn á dá yín padà síbẹ̀rẹ̀. Bọ́tìnnì TI-84 tún kéré jù lójú fóònù, ẹ lo kọ̀ǹpútà, kódà kó jẹ́ ti kafé ní Agbowó.

Tó bá jẹ́ TI tòkunbọ̀ ni ẹ rà, ẹ̀kọ́ kankan kò ní bá ẹ̀rọ yín mu lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, torí ètò ẹni tó lò ó tẹ́lẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ GRAPH tí ERR:INVALID DIM jáde, ẹ wo òkè Y=: Plot1, tó ń ya gíráàfù àkójọ iye, ni wọ́n fi sílẹ̀ ní títàn. Ẹ gbé àmì lọ sórí rẹ̀, ẹ tẹ ENTER, á kú. Láti dá gbogbo rẹ̀ padà sípò: 2ND, àmì ìròpọ̀, 7, 1, 2. Èyí á pa àwọn ètò àti iye tó wà nínú RAM, ìrántí ẹ̀rọ náà, rẹ́, nítorí náà ẹ kọ èyí tí ẹ bá fẹ́ nínú wọn sílẹ̀ ná kí ẹ tó tẹ 2 tó kẹ́yìn.