Paraloid B-72 fún kíkọ nọ́ńbà sára àpáàdì: ó dára, àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún ooru

Kútẹ́ẹ̀sì aláìláwọ̀ àti típẹ́ẹ̀sì ni wọ́n fi kọ nọ́ńbà sára àpáàdì ní ọ̀pọ̀ yàrá ìkẹ́rùsí mùsíọ́ọ̀mù. Méjèèjì kì í tọ́jọ́. Kútẹ́ẹ̀sì á di pupa rúsúrúsú, á là, á wá bó tòun ti nọ́ńbà. Àpáàdì tí nọ́ńbà rẹ̀ bá sì ti bó ti di ẹrù aláìnílé, kò sẹ́ni tó mọ kòtò tàbí ìpele ilẹ̀ tí àwọn awalẹ̀pìtàn ti hú u mọ́. Paraloid B-72 ni àwọn onímùsíọ́ọ̀mù fi rọ́pò wọn: hóró ike tó mọ́ gaara, tí wọ́n ń yọ́ sínú acetone (omi tí wọ́n fi ń nu kútẹ́ẹ̀sì kúrò), tí wọ́n sì ń kùn sára àpáàdì kí wọ́n tó kọ nọ́ńbà lé e. Lójú tiwa, kò sí èyí tó dára tó o fún àpáàdì, bí ẹni tó ń lò ó bá mọ ìwà rẹ̀.

Gíráàmù 20 sínú mìlílítà 100 acetone ti tó. Ẹ má kàn da hóró náà sínú ìgò, ìsàlẹ̀ ni yóò rì sí, yóò sì lẹ̀ pọ̀ gbagidi. Ẹ dì í sínú bàńdéèjì, ẹ so ó rọ̀ sínú acetone, kí ẹ dé ìgò náà pa di ọjọ́ kejì. Ìgò gíláàsì ni kí ẹ lò, torí acetone máa ń jẹ ọ̀pọ̀ ike. Ó tún ń yára gbaná, nítorí náà kí jẹnẹrétọ̀ àti sítóòfù jìnnà síbẹ̀, kí fèrèsé sì wà ní ṣíṣí.

Àpáàdì gbọ́dọ̀ gbẹ dénú kí ẹ tó fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì. Inú ìkòkò la máa ń kọ nọ́ńbà sí, kì í ṣe ojú tí ọnà wà, kì í sì í ṣe etí ibi tó ti fọ́, torí etí yẹn ni wọ́n á fi so àwọn àpáàdì pọ̀ bí wọ́n bá fẹ́ tún ìkòkò náà tò. Ibi tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 1 sí 3 lọ ni kí ẹ kùn. Amọ̀ máa ń mu, nítorí náà ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀kejì bí ojú rẹ̀ ò bá tíì dán. Bí ẹ bá kọ̀wé kó tó dán, yíǹkì á wọnú amọ̀, kò sì ní ṣeé nù kúrò mọ́ láé, bẹ́ẹ̀ ṣíṣeé nù yẹn gan-an la ṣe ń ra B-72.

Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 15, ẹ kọ ọ́. Báírò ò wúlò níbí. Kálámù oníyíǹkì tí kì í ṣá, irú Pigma Micron, ni kí ẹ lò, kí lẹ́tà ga tó mìlímítà 2 sí 3. Ẹ fa ìlà sábẹ́ 6 àti 9, kí 66 má baà di 99. Àṣìkọ kan ṣoṣo lè da gbogbo rẹ́jísítà rú. Orí idẹ tí wọ́n hú ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1938, tó wà ní British Museum, Af1939,34.1 ni nọ́ńbà rẹ̀. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ sórí ìkànnì àkójọ wọn á rí i, ìbáà jẹ́ Èkó tàbí Bàhíà ló wà. Ẹ fi 43 rọ́pò 34, ẹ ti ṣìnà.

Ìbòrí, ìyẹn èyí tí wọ́n ń kùn lé nọ́ńbà kó má baà pa rẹ́, ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Bí ẹ bá tún kun B-72 lé yíǹkì, acetone inú rẹ̀ á rọ ti ìsàlẹ̀, ìwé á sì fà. Paraloid B-67, irú Paraloid mìíràn, tí wọ́n yọ́ sínú white spirit (omi tí wọ́n fi ń po ọ̀dà), ló yẹ ibẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ fi B-72 náà bò ó, àmọ́ ẹ fa búrọ́ọ̀ṣì kọjá lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ má padà sẹ́yìn.

Ojú ọjọ́ wá ńkọ́? Lásìkò òjò, acetone tó ń fẹ́ lọ máa ń mú kí ojú àpáàdì tutù, omi inú afẹ́fẹ́ á sẹ̀ sí i, ibi tí ẹ kùn á sì funfun báláú. Ẹ dúró di ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ gbẹ, kí ẹ fi acetone díẹ̀ tọ́ ọ, á mọ́ padà. Lọ́sàn-án ọ̀gbẹlẹ̀, ó máa ń yára gbẹ jù, ó ń hó, ó sì ń ya okùn bí ẹ bá gbé búrọ́ọ̀ṣì sókè. Àárọ̀ kùtù ló dára jù, tàbí kí ẹ bu ethanol díẹ̀ sí i.

Àléébù rẹ̀ tó tóbi jù ni pé bí ooru bá ti tó 40°C, ó ń rọ̀. Yàrá onípáànù tí kò ní àjà lè ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn: eruku á lẹ̀ mọ́ nọ́ńbà, àpáàdì á lẹ̀ mọ́ ọ̀rá tí wọ́n kó o sí. Ẹni tí yàrá rẹ̀ bá rí báyìí, kó wo Paraloid B-44, tó ń fara da ooru títí dé nǹkan bí 60°C, bó tilẹ̀ le jù ú lọ.

Ẹ má kun ún sára aṣọ, irin tó ti dógùn-ún, tàbí amọ̀ tó ń yìnrìn. Ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì wẹ́wẹ́ bíi èyí tí wọ́n hú ní Igbó Olókun ní Ifẹ̀ náà, inú ọ̀rá ni kó wà, kí ìwé nọ́ńbà bá a wọ ọ́.

Èyí tó bá gbẹ sínú ìgò kò tíì bàjẹ́. Ẹ da acetone lé e, ẹ dé e pa, á tún yọ́.