Sípíkà tó ń dùn láìpariwo: èwo ni kí ẹ rà?

Bí ọmọ bá ti sùn, fólúùmù gbọ́dọ̀ wálẹ̀. Ìgbà yẹn lèèyàn máa ń mọ irú sípíkà tó fowó rà. Àpàlà Haruna Ishola ni mo fi ń dán tèmi wò: tí mo bá yí i wálẹ̀ tán, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ṣì ń dún ṣáṣá, ṣùgbọ́n agídìgbo ti dàwátì. Wọ́n ní ọlọ́gbọ́n ní í jó o. Ọlọ́gbọ́n wo ló fẹ́ jó ohun tí kò gbọ́?

Ẹ̀bi sípíkà nìkan kọ́. Láti 1933 ni Fletcher àti Munson, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní ilé ìwádìí Bell Labs ní Amẹ́ríkà, ti fi hàn pé bí ohùn bá ṣe ń lọ sílẹ̀, báàsì, ìyẹn ohùn ìsàlẹ̀ bíi ti agídìgbo, ló kọ́kọ́ ń bọ́ mọ́ etí wa lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí wáàtì tàn yín. Orin tí kò ju ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lọ kì í jẹ odindi wáàtì kan. Sípíkà tí wọ́n kọ 1000 wáàtì sára páálí rẹ̀, ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ló wà fún.

Edifier R1280T ló rọrùn jù. Ámpù, ẹ̀rọ tó ń fún sípíkà lágbára, wà nínú rẹ̀. Ẹ so ó mọ́ iná, ẹ so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ó parí. Kò ní Bluetooth, R1280DB ló ní in. Bọ́tìnì mẹ́ta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: fólúùmù, báàsì, àti ohùn tínrín. Ti báàsì yẹn ni kí ẹ fojú sí. Lóru, ẹ fi kún un díẹ̀, agídìgbo á padà wálé. Iwájú ni ihò báàsì rẹ̀ wà, ẹ lè gbé e sún mọ́ ògiri. Wúfà rẹ̀, ìyẹn ẹnu sípíkà tó ń gbé báàsì jáde, kò ju ínǹṣì 4 lọ, kò lè mi ilé, àmọ́ ta ló fẹ́ kó mi ilé láago 11 òru? Fún yàrá kan, ó tó.

JBL 305P MkII, àwọn onísitúdíò ni wọ́n ṣe é fún. Ohùn rẹ̀ mọ́ ju ti Edifier lọ dáadáa, ẹ ó máa gbọ́ èémí akọrin kó tó lanu. Ṣùgbọ́n kò sí bọ́tìnì tí ẹ lè fi bu báàsì kún un; súìṣì tó wà lẹ́yìn rẹ̀, dídín ló ń dín in kù. Ẹ̀yìn náà ni fólúùmù wà, lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń jókòó sídìí tábìlì, tí sípíkà ò ju mítà kan sí etí rẹ̀, ló máa gbádùn rẹ̀.

Ohun kan tún wà. Ọ̀pọ̀ sípíkà tí ámpù wà nínú wọn máa ń hó. Mo ra oríṣi kan rí, mi ò ní dárúkọ rẹ̀: lọ́sàn-án mi ò gbọ́ nǹkan kan, lóru ó ń dún ṣìì bí ẹni ń dín àkàrà nílé kejì.

Èyí tó wù mí jù, tí owó rẹ̀ sì ga jù, ni Yamaha A-S301. Ámpù lásán ni, ẹ ṣì máa ra sípíkà tí kò ní ámpù nínú mọ́ ọn. Bọ́tìnì Loudness rẹ̀ ni mo tìtorí ẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi í sí FLAT, ẹ yí fólúùmù dé ibi tó lọ sókè jù tí ẹ máa ń gbọ́ lọ́sàn-án. Lẹ́yìn náà, ẹ má fọwọ́ kan fólúùmù mọ́. Loudness ni kí ẹ máa yí wálẹ̀. Ohùn àárín ni yóò máa dín kù, báàsì á sì dúró tì yín. Bí iná Pure Direct, bọ́tìnì tó ń jẹ́ kí orin kọjá láìgba ọ̀dọ̀ àwọn bọ́tìnì ohùn, bá ń tàn, Loudness ò ní ṣiṣẹ́. Ẹ má rò pé ó ti bàjẹ́.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ọlọ́jà á yí i sókè kí orí yín lè wú. Ẹ ní kó yí i wálẹ̀ títí ẹ ó fi máa gbọ́ ara yín láìpariwo, kí ẹ wá fi orin tó wà lórí fóònù yín dán an wò. Jẹnẹrétọ̀ iwájú ṣọ́ọ̀bù ò ní jẹ́ kí ẹ gbọ́ híhó yẹn, torí náà ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n á gbà á padà tí ó bá délé tó ń dín àkàrà.